John Deacon, ẹni tó fi ọ̀fun ẹlòmíràn kọrin

Béèsì, ìyẹn gìtá olóhùn rírẹlẹ̀, ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń la ògiri kọjá. Bí ẹnìkan bá ń gbọ́ orin nínú yàrá kejì tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ọ̀rọ̀ tí akọrin ń sọ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni, gìtá olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n béèsì yóò dé, àní nígbà mìíràn, àyà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti dé kí etí tó gbọ́ ọ. Bí mo ṣe pàdé John Deacon nìyẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì mọ orin tó ń dún lọ́wọ́. Mo kàn gbọ́ ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìhà kejì ògiri, ìdákẹ́ díẹ̀, ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà ó fò sókè, ó padà sílẹ̀, ó tún fò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Kí n tó dìde lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni yàrá náà pé kí ló ń gbọ́, orin ti parí, ṣùgbọ́n orí mi kò tíì yé mì sí i.

Orin náà ni "Another One Bites the Dust", ti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Queen láti Ìlú Ọba, ẹni tó sì ta béèsì yẹn gan-an ló kọ orin náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Mo ti gbọ́ àwo orin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìgbà mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé béèsì nìkan ni mo máa ń dẹ etí sí, bí ẹni tó ń wá ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín èrò. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èèyàn mẹ́rin ni Queen. Freddie Mercury ń kọrin, Brian May tó ń ta gìtá ń kọrin, Roger Taylor tó ń lu ìlù náà ń kọrin, gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti fi ohùn ara wọn léwájú orin nínú àwo. Deacon nìkan ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sí orin kan ṣoṣo nínú gbogbo àwo wọn tí ohùn rẹ̀ ti léwájú.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹni tó ń fi ẹnu kọ orin àti ẹni tó ń fi kálámù kọ orin. Ó dà bí ẹni pé àwọn baba wa kò rò ó pé iṣẹ́ méjèèjì lè pínyà, pé ẹnìkan lè jókòó kọ orin tí gbogbo ayé yóò máa kọ, kí òun fúnra rẹ̀ má sì lè kọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni. Deacon ni ẹni tí iṣẹ́ méjèèjì pínyà lára rẹ̀. Gbogbo orin tó kọ sílẹ̀, ọ̀fun ẹlòmíràn ló kọ ọ́ fún, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní ìlú Leicester, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oadby tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló sì ti dàgbà. Ọmọ ọdún 11 péré ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Ìfẹ́ ẹ̀rọ àti ìfẹ́ orin jọ dàgbà nínú rẹ̀ ni: ó tún ẹ̀rọ téèpù kan ṣe kí ó lè máa fi gba orin sílẹ̀ láti orí rédíò, owó tó sì ń rí níbi iṣẹ́ pínpín ìwé ìròyìn láti ojúlé dé ojúlé ló fi ra gìtá. Ní ọdún 1965, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní The Opposition. Gìtá lásán ló kọ́kọ́ ń ta níbẹ̀. Ní ọdún kejì ni wọ́n wá gbé e sí ìdí béèsì, nítorí pé àyè ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oní-béèsì ló gba ọ̀nà yìí wọ iṣẹ́ náà. Ṣàṣà lẹni tó ń fi béèsì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló máa ń wo ọ̀tún wo òsì pé ta ni yóò ta á, tí ẹni tí kì í bá èèyàn jiyàn á sì gbà.

Ní ọdún 1969 ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì ní Chelsea College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1971 pẹ̀lú èsì ipò kìíní. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1970 ló kọ́kọ́ rí àwọn Queen lórí ìtàgé, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí òun rí lọ́jọ́ náà kò wọ òun lọ́kàn: aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀, òjìji èèyàn mẹ́rin lásán ni òun rí. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí òun náà fi di ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ti dán oní-béèsì bíi mélòó kan wò kó tó kàn án, kò sì sí èyí tó bá wọn mu. Ọmọ ọdún 19 ni Deacon nígbà tó lọ ta béèsì fún wọn láti fi ṣe ìdánwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971. Ó mọ béèsì ta, ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ẹgbẹ́ tí ẹni mẹ́ta tó kù ti ń fi gbogbo ohùn sọ̀rọ̀, ẹni tó dákẹ́ gan-an ni wọ́n ń wá. Nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1973, Deacon John ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n gbé èyí tó yẹ kó ṣáájú sẹ́yìn, nítorí pé ó dùn létí wọn bẹ́ẹ̀. Láti orí àwo kejì ni orúkọ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Kí n tó dé orí àwọn orin tó kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa páálí iná kan tó rí lójú pópó. Ní nǹkan bí ọdún 1972, Deacon ń lọ lọ́nà, ó rí páálí kan tí wọ́n jó wáyà àti àwọn èròjà iná mọ́, tí ẹnìkan ti kó dànù pẹ̀lú pàǹtí. Ẹlòmíràn ì bá kọjá lọ. Deacon mú un lọ sílé, ó wò ó, ó rí i pé ara rédíò kan ni tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di ańpilifáyà kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ó sì tẹ́ ẹ sínú àpótí ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré bí irú èyí tí èèyàn ń gbé lé orí àtẹ ìwé. Bátìrì ló ń lo. Kò ní ibi tí èèyàn ti lè yí ohùn rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Nígbà tí Brian May so gìtá rẹ̀ mọ́ ọn, ohùn tó jáde kò jọ ti gìtá mọ́: ó ń dún bíi fèrè, ó ń dún bíi kàkàkí, ó ń dún bí ọ̀pọ̀ gòjé tó jọ ń ké pọ̀. Nínú orin "Good Company", lórí àwo A Night at the Opera tó jáde ní ọdún 1975, ohun tí etí gbọ́ bí odidi ẹgbẹ́ afunfèrè, gìtá May àti páálí tí Deacon ṣà nínú pàǹtí ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni May fi lo ẹ̀rọ yìí, orúkọ Deacon ni wọ́n sì fi ń pè é dòní, Deacy Amp.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé mo rí ìwà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé orin nínú rẹ̀. Ó ṣe ohun èlò kan tí òun kò ní fi gba ìyìn. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn náà, May ni yóò yìn.

Kò tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin. Nínú àwo méjì àkọ́kọ́ tí Queen ṣe, kò sí orin kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1974, nínú àwo Sheer Heart Attack, "Misfire" jáde, orin kúkúrú tí kò pé ìṣẹ́jú méjì. Orin tó dùn ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó tún padà sẹ́yìn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọlé wá jókòó.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe A Night at the Opera, dùùrù oníná kan wà tí wọ́n ń pè ní Wurlitzer, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀ bí omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Freddie Mercury, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí dùùrù, kò fẹ́ràn ohùn rẹ̀ rárá, kò sì gbà láti tẹ̀ ẹ́. Deacon gbé dùùrù náà lọ sílé, ó jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n tẹ̀, orí rẹ̀ ló sì ti kọ "You're My Best Friend", orin tó kọ fún ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ nínú àwo, òun náà ló sì ta béèsì sí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọkọ kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ìwọ ni ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa ń sọ nínú yàrá, ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní ohùn tó lè gbé e, ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Freddie sì sọ ọ́ bí ẹni pé láti inú òun ló ti jáde. Orin náà wọ ipò keje lórí àtẹ àwọn orin tó ń tà jù ní Ìlú Ọba ní ọdún 1976, ó sì wọ ipò kẹrìndínlógún ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ lórí ìtàgé, dùùrù ńlá ni Freddie máa ń tẹ̀ sí i, kò pa dà sídìí Wurlitzer.

Lẹ́yìn èyí, orin rẹ̀ kan tàbí méjì máa ń wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan, kì í pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní gbé gbogbo wọn yẹ̀ wò, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn kò lágbára tó àwọn tó kù, ṣùgbọ́n "Spread Your Wings" ti ọdún 1977 kò ṣeé fò kọjá. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ọtí ni, tó ń lálàá pé òun yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn Queen tí a mọ̀ fún kí ohùn gbè ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ máa rọ́ lura wọn, wọn kò fi ohùn ẹlẹ́gbè kankan sí orin yìí. Freddie nìkan ló dá a kọ láti òkè dé ilẹ̀, ìdáwà ọmọ inú ìtàn náà sì hàn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orin tó la ògiri kọjá.

Ìlú Munich ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ní sítúdíò Musicland, Reinhold Mack sì wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú wọn. Deacon ti bá àwọn ẹgbẹ́ Chic láti Amẹ́ríkà jókòó ní sítúdíò tiwọn rí, Bernard Edwards tó ń ta béèsì fún Chic sì sọ ọ́ ní gbangba pé ibẹ̀ ni orin náà ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ "Good Times" tí Chic gbé jáde ní ọdún 1979 yóò mọ ibi tí irúgbìn náà ti wá. Mi ò kà á sí olè. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà sínú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, ó gbọ́ ohun tó dára, ó sì lọ jókòó ti àwọn tó ni ín kó tó kọ tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olórin rọ́ọ̀kì ìgbà náà ló ní ìrẹ̀lẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ níwájú orin ijó.

Ohun tó fẹ́ nínú orin náà ni kí àyè ṣófo wà nínú rẹ̀. Roger Taylor fẹ́ràn kí ìlù òun máa ró kẹ̀kẹ̀, Deacon sì fẹ́ kí ìlù náà gbẹ, kó má ṣe ní ìró tó ń fà lẹ́yìn. Wọ́n di bláńkẹ́ẹ̀tì sínú ìlù títí ìró rẹ̀ fi di gbà, gbà, gbà, láìsí ohùn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Deacon ta béèsì, ó ta gìtá tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ dùùrù kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n wá yí téèpù rẹ̀ padà sẹ́yìn, kó lè máa ṣú bọ̀ láti òkèèrè bí ìjì. Nígbà tó kù kí ẹnìkan fi ohùn sí i, Freddie, tó gba orin náà gbọ́ ju àwọn tó kù lọ, kọ ọ́ títí ọ̀fun fi ń dùn ún. Mo máa ń ronú lórí ìyẹn gan-an. Ẹni tó kọ orin sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú béèsì rẹ̀, kò rẹ̀ ẹ́. Ọ̀fun ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń san gbèsè orin náà.

Èmi náà ti gbìyànjú láti kọ́ ìlà béèsì yẹn. Ohùn inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá di gìtá béèsì mú fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rí àwọn ohùn náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tó le ni dídá a dúró. Bí o bá fi ìka ọwọ́ ọ̀tún ta okùn náà, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ bò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó má bàa máa hó lọ, nítorí pé okùn béèsì nípọn, bí o bá sì fi í sílẹ̀, yóò máa sọ̀rọ̀ títí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni o ó ta á, lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́ yóò dé, inú ìdákẹ́ yẹn sì ni ara èèyàn ti máa ń mì. Bí ìdákẹ́ náà bá gùn jù díẹ̀, orin ti kú. Bí ó bá kúrú jù díẹ̀, orin ń sáré. Mo lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ìdákẹ́ yẹn nìkan, ó sì yé mi níkẹyìn pé ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló lè ronú kan irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn onílù wa mọ̀ pé bí omelé kò bá dúró lójú kan, ìyáàlù kò lè sọ̀rọ̀ kó já gaara. Ohun tí Deacon ṣe nínú orin yìí ni pé ó mú iṣẹ́ omelé, ó sọ ọ́ di orí orin.

Michael Jackson ló gbọ́ ọ tó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n gbé e jáde lọ́tọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1980, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àwọn aláwọ̀ dúdú gbé e bí ẹni pé tiwọn ni, ó sì dé ipò kejì lórí àtẹ orin sóòlù. Ohun mìíràn tún wà tí kò sí ẹni tó lè rò tẹ́lẹ̀: orin náà ń lù ní nǹkan bí ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́ sì sọ pé ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan ni ó yẹ kí èèyàn máa tẹ̀ ẹ́. Ìlà béèsì yẹn bọ́ sí àárín rẹ̀ géérégé.

Ti "Under Pressure", tí wọ́n ṣe pẹ̀lú akọrin David Bowie ní ìlú Montreux lórílẹ̀-èdè Switzerland ní ọdún 1981, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba lọ́dún náà, gbogbo àwọn márùn-ún ni wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i. Àwọn tó wà nínú yàrá náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ẹni tó mú ìlà béèsì rẹ̀ wá. May àti Taylor fi ìyìn fún Deacon, Deacon fúnra rẹ̀ sì ti tọ́ka sí Bowie. Ẹni tí wọ́n ń fún ní ìyìn tó ń gbé e fún ẹlòmíràn, mo gbà pé ìwà rẹ̀ ló ń hù.

Ní ọdún 1984 ló kọ "I Want to Break Free". Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni inú rẹ̀, ẹnìkan tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń parọ́ fún un tó sì tún ń bẹ̀rù àtidá wà. Ó gba ipò kẹta ní Ìlú Ọba. Nínú fídíò rẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin múra bí obìnrin, Deacon sì ni ìyá àgbà tó jókòó tó fajú ro; àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n níbòmíràn, àwọn èèyàn gbọ́ ohun mìíràn nínú orin náà pátápátá. Ní South Africa, àwọn tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà gbé e gẹ́gẹ́ bí orin òmìnira. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Queen lọ ṣeré ní Sun City, ibi ìgbafẹ́ ńlá kan níbẹ̀, nígbà tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ní kí àwọn olórin má ṣe lọ síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olórin ní Ìlú Ọba sì bu owó ìtanràn lé wọn. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìfẹ́ bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n lọ, kò sì yẹ kí Deacon, tí orin rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, wà lára àwọn tó lọ. Orin náà lọ́gbọ́n ju àwọn tó ṣe é lọ ní ọdún náà.

Ìwé owó àti àdéhùn iṣẹ́ náà jẹ ẹ́ lógún. Ẹgbẹ́ náà ti jẹ ìyà lọ́wọ́ àdéhùn burúkú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, láti ìgbà náà ni òun sì ti di ẹni tí àwọn tó kù ń wò lójú bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀. Láti orí àwo The Miracle ní ọdún 1989, wọ́n fẹnu kò pé gbogbo orin yóò máa jẹ́ orúkọ Queen lápapọ̀, láìka ẹni tó kọ ọ́ sí. Ní ọdún 2003, wọ́n gba àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ilé ọlá àwọn òǹkọ̀wé orin ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọlé pẹ̀lú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ti kọ orin tó gbajúmọ̀ gan-an. Nígbà náà, Deacon ti kúrò nídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1986, ní Knebworth, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dúró lórí ìtàgé kẹ́yìn. Freddie Mercury jáde láyé ní ọjọ́ 24, oṣù Kọkànlá, ọdún 1991. Deacon ta béèsì níbi eré ìrántí rẹ̀ ní Wembley ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kìíní ọdún 1997, ó bá May àti Taylor dúró ní Paris, Elton John sì kọrin pẹ̀lú wọn. Lọ́dún náà ló ta béèsì sí "No-One but You", orin tí May kọ fún ìrántí ọ̀rẹ́ wọn. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn méjì tó kù ń bá iṣẹ́ lọ, Paul Rodgers bá wọn kọrin, Adam Lambert náà sì bá wọn kọ, Deacon kò sì yọjú sí orí ìtàgé wọn mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó kọ irú orin wọ̀nyẹn fi dákẹ́ pátápátá. Ní tèmi, mi ò rò pé ó ṣòro láti lóye. May lè kọ orin kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́. Taylor náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun kan ṣoṣo ni Deacon ní, kì í sì í ṣe lọ́rùn rẹ̀ ló wà.

Àmọ́ ṣáájú Paris, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ní láti parí. Freddie ti fi ohùn sílẹ̀ lórí téèpù kó tó lọ, àwọn mẹ́ta tó kù sì padà wọ sítúdíò láti fi ohun èlò yí àwọn ohùn náà ká, títí àwo Made in Heaven fi jáde ní ọdún 1995. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀ ni "My Life Has Been Saved". Deacon ló kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ó sì ti jáde rí ní ọdún 1989, lẹ́yìn àwo kékeré kan, níbi tí ẹni púpọ̀ kò ti gbọ́ ọ. Wọ́n fi ohùn Freddie sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n tún gbogbo ohun tó yí i ká ṣe lọ́tun. Nígbà tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń rí ọkùnrin náà lójú ọkàn mi, tó jókòó ti béèsì rẹ̀ nínú sítúdíò, tí ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú sì ń jáde láti inú téèpù, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí òun kọ fún un, pé wọ́n ti gba ẹ̀mí òun là. Deacon dúró de ibi tí ohùn náà ti mí, ó sì ta okùn rẹ̀ síbẹ̀.